Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ kì í ṣe ohun ìdógò: ìbéèrè yín lórí owó yíyá orí fóònù

Ìbéèrè tó wọlé lórí owó yíyá orí fóònù lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ. A mú mẹ́fà nínú wọn. A yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò. Iṣẹ́ àti ìlú wọn nìkan la fi sílẹ̀.

"Wọ́n ní olè ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi"

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aránṣọ ni mí l'Óṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, atẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ owó, pé olè ni, pé èmi ni onídùúró rẹ̀, kí n tètè san án kí wọ́n tó wá gbé mi. Wọ́n fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ìjọ wa àti sí oníbàárà mi méjì. N kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà mi? Ṣé kí n san án?*

Ẹ má san kọ́bọ̀, ìyá wa. Ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ gbà láti dúró fún ẹlòmíràn kì í ṣe onídùúró, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀nà méjì ni nọ́ńbà yín lè gbà dé ọwọ́ wọn. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí ọmọ náà ń kún fọ́ọ̀mù orí áàpù, wọ́n ní kó kọ orúkọ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn lè pè bí wọn kò bá rí i, ó sì kọ tiyín láì sọ fún yín. Tàbí kẹ̀, áàpù náà béèrè bóyá òun lè wo àwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì tẹ "Allow" torí pé owó ló ń wá, kò ráyè kàwé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti kó gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀: Àǹtí Aránṣọ, Mummy Ìjọ, Bàbá Onílé. Ẹni tó ń gba gbèsè kò mọ̀ yín rí, ṣùgbọ́n orúkọ tí ọmọ náà fi yín pamọ́ sí ti sọ fún un ibi tí ìtìjú ti máa dun ọmọ náà jù.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa o. Láyé àtijọ́, ẹni tí gbèsè bá sú láti gbà á bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á wá jókòó sílé ajigbèsè, á máa bú, á máa pariwo, á máa ki adìyẹ àti ewúrẹ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, títí ara á fi ni gbogbo agboolé tí wọ́n á wá dá owó náà jọ. Ó dógò tì wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ ológò ìgbà yẹn lójú, ilé kan ṣoṣo ló sì lè jókòó sí lẹ́ẹ̀kan. Ti orí fóònù kò lójú, kò lórúkọ, agboolé tó ń dógò tì sì ni gbogbo ẹni tí ọmọ yín ti pè rí, títí kan ẹni tó bá a tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òfin kò fi ara mọ́ ọn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ lo ìsọfúnni nípa yín ní ìdí tí òfin mọ̀. Àṣẹ tí ọmọ náà fún wọn lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe àṣẹ tiyín. Kí òfin yẹn tó dé pàápàá, lọ́dún 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé iléeṣẹ́ ayánilówó orí fóònù kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà tuntun jáde ní oṣù Keje ọdún 2025. Ìtanràn inú rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà. Google náà kò gbà kí áàpù ẹ̀yáwó tó wà ní Play Store wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò orí fóònù mọ́ láti òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Nítorí náà, bí áàpù kan bá ṣì ń béèrè àwọn nọ́ńbà yín lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlíǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni wọ́n tẹ̀ tó fi wọlé, kò gba Play Store kọjá.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ má pa atẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Ẹ ya screenshot rẹ̀ kí nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀. Kí ìyá ìjọ àti àwọn oníbàárà náà ya tiwọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan péré, irú èyí: "Èmi kọ́ ni onídùúró gbèsè yìí. N kò fún yín láṣẹ láti lo nọ́ńbà mi. Ẹ pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo ti ń kó atẹ̀jíṣẹ́ yín jọ fún FCCPC." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá ń bá wọn jiyàn, ẹ ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nọ́ńbà náà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kí ẹ wá fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC àti sí NDPC tó ń rí sí òfin ọdún 2023 yẹn. Ẹ kọ orúkọ áàpù náà *àti* orúkọ iléeṣẹ́ tó ni ín, bí ó ṣe wà nínú àdéhùn ẹ̀yáwó náà. Ẹ̀sùn púpọ̀ máa ń há síbẹ̀ yẹn: iléeṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní áàpù mẹ́ta ní orúkọ mẹ́ta, bí wọ́n bá sì ti pa ọ̀kan dé, wọ́n á ní àwọn kọ́.

Ó ku ti ọmọ náà. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà, yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò sì pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gba àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ti kó lọ padà. Kó kọ́kọ́ ya screenshot iye tó yá, ọjọ́ tó gbà á, èlé, àti iye tí wọ́n ní ó kù. Kó wá lọ sí Settings, Apps, kó wá orúkọ áàpù náà, kó tẹ Permissions, kó sì gba àṣẹ Contacts, Photos àti SMS kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tó bá fẹ́ san, inú áàpù ni kó ti san án tàbí sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ náà. Bí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "san án síbí kí n bá ọ yọ orúkọ ẹ kúrò", owó yẹn kì í hàn nínú gbèsè. Kó sì fúnra rẹ̀ pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí atẹ̀jíṣẹ́ kejì tó dé: "Mo jẹ owó, mo ń san án, ẹ má dá àwọn tó ń kọ̀wé sí yín lóhùn." Ohun ìjà wọn kò ju pé ó ń pa á mọ́ lọ.

"Kàn tẹ Yes fún mi"

*Olùkọ́ ni mí l'Ákùúrẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ báńkì kan, ó sì fi ìlíǹkì ránṣẹ́ sí mi pé kí n "kàn tẹ Yes". Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni Yes yẹn lè fà?*

Ó lè fa owó oṣù yín. Onídùúró ni ẹni tó ń gbé gbèsè náà rù bí ẹni tó jẹ ẹ́ kò bá san, fọ́ọ̀mù orí fóònù sì lágbára tó ti orí ìwé.

Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ń wá yín. Báńkì náà kò mọ ẹlẹgbẹ́ yín ju BVN àti owó tó ń wọlé fún un lọ. Ẹ̀yin mọ̀ bóyá ó ti ń tọrọ ẹgbẹ̀rún méjì méjì kiri láàárín àwọn olùkọ́, ẹ mọ̀ bóyá kọ̀ọ́pù (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù) iléèwé ti ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀. Ìmọ̀ yín ni wọ́n ń rà, owó yín ni wọ́n sì fi ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá wá tẹ Yes láì lo ìmọ̀ yẹn, ẹ ti fún wọn ní owó náà lásán.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, torí àwọn gbájúẹ̀ máa ń gba WhatsApp oníwhatsApp kí wọ́n tó máa pín irú ìlíǹkì bẹ́ẹ̀. Bí òun ni lóòótọ́, ẹ ní kó fi àdéhùn náà hàn yín lódindi. Ẹ wá iye tó máa *dá padà*, kì í ṣe iye tó fẹ́ gbà. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yáwó yìí nìkan lẹ dúró fún tàbí gbogbo èyí tó bá tún yá lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ onídùúró jẹ́. Wọ́n á dúró fún ₦100,000, ẹni náà á san án tán, áàpù á tún fún un ní ₦300,000, Yes àkọ́kọ́ á sì ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa sọ fún yín bí ó bá fo oṣù kan. Onídùúró tó gbọ́ lóṣù kìíní ṣì lè lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Ẹni tó gbọ́ lóṣù kẹrin, owó nìkan ló kù fún un láti san.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ CBN ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI: báńkì tó yá èèyàn lówó lè fi BVN rẹ̀ fa owó yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn bí kò bá san. Ẹni tó yáwó ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ẹ ka àdéhùn onídùúró náà wò bóyá wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí àkáǹtì tiyín.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Òfin Credit Reporting ti ọdún 2017 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ gbèsè ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ilé mẹ́ta ló ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Ẹ ní kí ẹlẹgbẹ́ yín gba tirẹ̀, kó fi hàn yín. Bí ó bá bínú pé ẹ kò fọkàn tán òun, ìdáhùn ti dé yẹn. Ní tiwa, a kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dúró fún owó tó ju èyí tóun fúnra rẹ̀ lè san láàárín oṣù mẹ́ta láì fọwọ́ kan owó iléèwé ọmọ.

Àjọ orí WhatsApp

*Mo ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Àwa méjìlá la ń dá àjọ ₦20,000 lóṣù lórí WhatsApp. Àwọn mẹ́ta kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ lójú, ẹnì kan nínú wa ló mú wọn wá. Ẹ̀rù ń bà wá pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kó lè sá. Báwo la ṣe máa ṣe é?*

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ná. ₦240,000 ni kíkó kan. Ẹni tó kó lóṣù kìíní ti dá ₦20,000 péré. Gbèsè ₦220,000 ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó kó lóṣù kẹfà ṣì jẹ ₦120,000. Ẹni tó wà nípò kẹsàn-án, bó bá kó tán, ₦60,000 ló kù tó máa dá. Ẹni ìkẹyìn kò jẹ ẹnikẹ́ni; òun gan-an ló ti ń yá gbogbo yín lówó láti oṣù kìíní, láì gba èlé. Nítorí náà, ẹ má fi ìbò pín ipò. Ipò iwájú jẹ́ ẹ̀yáwó, ẹ sì mọ ẹni tí ẹ lè yá lówó.

Ipò kẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá ni kí ẹ fún àwọn mẹ́ta yẹn ní ìpele yìí. Bí wọ́n bá dá a pé títí dé òpin, wọ́n lè bọ́ síwájú nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mú wọn wá ni kó dúró fún wọn, kó sì kọ ọ́ sójú gbogbo yín lórí group: "Bí lágbájá bá fo oṣù kan, èmi á san án." Kí òun fúnra rẹ̀ sì kó *lẹ́yìn* wọn, ní ipò kejìlá. Ìdí abájọ ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá sá lóṣù kẹwàá, owó ẹni tó mú un wá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ti kó lóṣù kejì, kí ni ẹ fẹ́ fi mú un? Olórí àjọ náà kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó. A mọ̀ pé àṣà ni lọ́pọ̀ ibi pé olórí ló ń kó ti àkọ́kọ́, pé ó fi rí nǹkan jẹ lórí wàhálà rẹ̀. Ẹ kúkú fún un ní ₦1,000 lórí kíkó kọ̀ọ̀kan.

Kí àwọn tó bá kó lóṣù kìíní sí ìkẹrin gba ₦220,000. ₦20,000 tó kù, ìyẹn owó tiwọn lóṣù náà, á wà lọ́wọ́ akápò, yóò sì di owó oṣù tó kẹ́yìn tí wọ́n máa dá. Kò tó láti dí ẹni tó fẹ́ sá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń lé àwọn tó ti ń gbèrò rẹ̀ lọ kí wọ́n tó wọlé.

Owó kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ olórí kọjá. Kí olúkúlùkù san tààrà sínú àkáǹtì ẹni tó ń kó lóṣù náà, láàárín ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù sí ọjọ́ kìíní. Ẹni tó ń gbà á ni kó wo balance inú áàpù báńkì rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó sàmì sí orúkọ ẹni tó san. Kó má gba screenshot, kó má sì gba atẹ̀jíṣẹ́ alert nìkan gbọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣe ayédèrú wọn. Bí ẹnì kan bá ní òun ti yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí group ló ti kọ ọ́. Kí gbogbo yín lọ sí Settings lórí WhatsApp, Account, Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín sí i. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù onídíjíìtì mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, ìbáà ṣe "olórí àjọ" ló ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun.

Kì í ṣe olè ló sábà máa ń ba àjọ jẹ́ o. Àìsàn àti owó iléèwé ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù oṣù tí owó máa ń há fún un, kí ẹ fún àwọn ọlọ́mọ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kìíní. Bí ẹnì kan bá fo oṣù kan, kí olórí pè é ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ karùn-ún, kí ẹni tó mú un wá pè é. Lọ́jọ́ keje, kí èèyàn méjì lọ sí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí group. Ẹni tí ẹ bá ti tú aṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà kò tún ní ohun tó ń bò mọ́. Ẹ ti ná ìtìjú tí ì bá mú un san owó náà.

Èwo ni àjọ, èwo ni Loom?

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ágọ̀-Ìwòyè. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú ₦13,000 wá, pé n ó gba ₦104,000 bí mo bá mú èèyàn wá. Ó ní àjọ ni.*

Irọ́ ni. Nínú àjọ, iye tí o bá dá ni o máa kó. Nínú èyí, o fẹ́ kó ìlọ́po mẹ́jọ, èèyàn mẹ́jọ ló sì gbọ́dọ̀ pàdánù ₦13,000 kí o tó rí i. Àwọn mẹ́jọ yẹn nílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwọn yẹn nílò 512, lẹ́yìn náà 4,096, lẹ́yìn náà 32,768. Ìpele tó tẹ̀ lé e jẹ́ 262,144. Gbogbo yunifásítì yín kò tó. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Loom, tó gba orí WhatsApp kan lọ́dún 2019, ọ̀rẹ́ àti ará ilé ló ń ràn án. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi ₦13,000 rán àjèjì.

Gbọ́mú-lé-lántà tàbí ti orí fóònù?

*Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde. Ní gbọ́mú-lé-lántà, ẹ̀yáwó tí àwa obìnrin ń jọ yá lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, bí ẹnì kan kò bá san, gbogbo wa la máa ń jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ti orí fóònù kò ní ìjókòó. Èwo ló sàn?*

Ìṣirò ló máa dáhùn, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká ní áàpù kan ní òun yá yín ní ₦50,000 fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n yọ ₦7,500 sílẹ̀ kí owó tó dé, ₦42,500 ló wọ ọwọ́ yín, ₦50,000 lẹ máa san. Lórí ohun tó dé ọwọ́ yín, náírà mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ ó lé díẹ̀ nìyẹn lórí ọgọ́rùn-ún, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ẹ bá ń yí i fún oṣù kan, ó ti lé ní márùndínlógójì. Ọmọ ìyá sọgúndogójì ni. Kọ̀ọ́pù tó ń gba náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí ìyókù gbèsè, máa gba ₦500, ₦400, ₦300, ₦200 àti ₦100 lórí ₦50,000 kan náà tí ẹ fi oṣù márùn-ún san: ₦1,500 ni gbogbo rẹ̀.

Google kò gba ẹ̀yáwó tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn san tán láàárín ọgọ́ta ọjọ́ láàyè ní Play Store. Bí àlàyé áàpù bá wí pé oṣù mẹ́ta, tí ojú fóònù sì ń sọ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ jáde.

Ti gbọ́mú-lé-lántà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà, náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù: bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí odindi owó títí dé òpin, ₦18,000 ni èlé. Bí ó bá jẹ́ lórí ìyókù nìkan, ₦10,500 ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni òṣìṣẹ́ wọn máa fi sọ méjèèjì fún yín. Bí wọ́n bá tún yọ ₦10,000 sílẹ̀ bí owó ìpamọ́, ₦90,000 lẹ ń lò, èlé ₦100,000 lẹ sì ń san.

Ìjókòó yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Nílẹ̀ Bangladesh, ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, tó wá di Grameen Bank, ló ń kó àwọn obìnrin jọ ní márùn-ún márùn-ún, torí wọn kò ní ilé tàbí ilẹ̀ tí wọ́n máa fi dúró. LAPO, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1987, wà lára àwọn tó mú irú rẹ̀ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn obìnrin bá ti fúnra wọn yan ara wọn, torí alátà mọ alátà tí ọjà rẹ̀ ń kú. Ó ń bàjẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ báńkì bá ti ń wá ẹni karùn-ún kiri kí iye lè pé. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan, ẹ béèrè pé ta ló yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní òṣìṣẹ́ ni, ẹ máa bá owó ẹni tí ẹ kò mọ̀ jókòó.

Láti Houston

*Àwa ọmọ ìlú kan náà méjìlá ń dá $1,000 lóṣù níbí. A kò fo oṣù kankan rí. Ṣé báńkì Amẹ́ríkà lè rí i pé èèyàn gidi ni wá?*

Àjọ tí ẹ dá láàárín ara yín kì í dé ọ̀dọ̀ Experian, Equifax tàbí TransUnion, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ní Amẹ́ríkà. Ibi tó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni ètò bíi ti Mission Asset Fund ní San Francisco: àwọn tó ń dá a fọwọ́ sí ìwé gbèsè, kò sí èlé, wọ́n sì ń jábọ̀ owó tí olúkúlùkù bá san. Iléeṣẹ́ kan tún wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Esusu, ọmọ Èkó kan wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Orúkọ yẹn lè tan yín jẹ, owó ilé tí èèyàn ń san ni wọ́n ń jábọ̀ rẹ̀, kì í ṣe àjọ.

Lórí Prosper, ìkànnì ayélujára tí èèyàn ti ń yá ara wọn lówó, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, àwọn ayáwó lè wọ ẹgbẹ́ nígbà kan rí, ọ̀rẹ́ sì lè jẹ́rìí sí wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, ọ̀rẹ́ tó fi owó ara rẹ̀ sí ẹ̀yáwó náà ni ẹ̀rí rẹ̀ wúwo jù. Jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán kò mú kí èèyàn san gbèsè. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ inú yín torí pé ó jẹ́ "ọmọ ìlú wa".

Owó tí ẹ bá fi Zelle, ètò ìfowóránṣẹ́ àwọn báńkì ibẹ̀, san kì í sábà padà bí ó bá ṣìnà, nítorí náà ẹ yẹ orúkọ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ kọ "àjọ" àti orúkọ oṣù sí memo. Bí ẹnì kan bá kó $12,000 ní owó ọwọ́ tó sì gbé e lọ sí báńkì, báńkì máa kọ ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba, torí ó ju $10,000 lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Kó má pín in sí $4,000 lọ́nà mẹ́ta kí wọ́n má bàa kọ ìwé náà. Pípín yẹn gan-an ni òfin wọn kà sí ẹ̀ṣẹ̀, bí owó náà tilẹ̀ mọ́.